Bí a ṣe lè pa èsì ìbéèrè kan mọ́ fúngbà díẹ̀ nínú PostgreSQL

Onílédì_Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. PostgreSQL 14 (ètò tí a fi ń tọ́jú dátà) ni mò ń lò. Ìwọ̀n kajú gbogbo àsìkò yìí wà nínú àtẹ `iwon`, ó tó mílíọ̀nù méjì ìlà. Ìbéèrè (àṣẹ SQL) tó ń ṣírò kílò àti owó sẹ́fà àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 40, ìròyìn mẹ́ta ló sì nílò èsì kan náà. Mo fi WITH (tó ń fún apá ìbéèrè kan lórúkọ) kọ ọ́, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń ṣe ìṣirò náà. Kí ni kí n ṣe?

Àjàṣẹ́_SQL
WITH kò ré kọjá ìbéèrè tí a kọ ọ́ sí. Tí àmì `;` bá ti dé, èsì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àtẹ ìgbà díẹ̀ lẹ nílò:

```
CREATE TEMP TABLE owo_agbe AS
SELECT agbe_id, abule_id,
       sum(kilo) AS kilo,
       sum(kilo * iye) AS owo
FROM iwon
GROUP BY agbe_id, abule_id;

ANALYZE owo_agbe;
```

Ẹ má fo ANALYZE yẹn o, òun ló ń kó ìsọfúnni nípa ìlà inú àtẹ jọ. Autovacuum (iṣẹ́ tó ń dá ṣe irú ìtọ́jú yìí fúnra rẹ̀) kì í dé ọ̀dọ̀ àtẹ ìgbà díẹ̀ rárá, torí náà tí ẹ kò bá fọwọ́ ara yín ṣe é, ńṣe ni planner (apá tó ń yan ọ̀nà tí ìbéèrè máa gbà) á máa méfò iye ìlà. Ibẹ̀ ló ti máa ń yan nested loop níbi tí hash join yẹ (ọ̀nà méjì tí a fi ń so àtẹ pọ̀ ni), tí àtẹ tó yẹ kó yá yín á wá lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

`temp_buffers`, ìyẹn àyè ìrántí fún àtẹ ìgbà díẹ̀, 8MB ni láti ilé. Tí èsì bá pọ̀, ẹ kọ `SET temp_buffers = '64MB';` kí ẹ tó fọwọ́ kan àtẹ ìgbà díẹ̀ kankan lórí ìsopọ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní gbà mọ́.

Onílédì_Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ó ṣiṣẹ́ nínú psql (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún PostgreSQL). Ṣùgbọ́n láti orí ojú-ewé wa, ìròyìn kìíní jáde, ìkejì ní `relation "owo_agbe" does not exist`.

Ará_Kétu
Ǹjẹ́ PgBouncer (ètò tó ń pín ìsopọ̀ database fún àwọn oníbéèrè) wà láàárín, tó wà ní transaction mode, níbi tí ìsopọ̀ ti lè yí padà lẹ́yìn transaction kọ̀ọ̀kan? Ìsopọ̀ kan ṣoṣo ló ni àtẹ ìgbà díẹ̀, PgBouncer sì lè gbé ìbéèrè yín kejì gba ìsopọ̀ mìíràn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sáàárín BEGIN àti COMMIT (ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin transaction kan), kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí: `CREATE TEMP TABLE owo_agbe ON COMMIT DROP AS SELECT ...`

Tí ẹ bá gbàgbé BEGIN, àtẹ náà á parẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí ẹ dá a, láìsí àṣìṣe kankan lójú yín. Ọ̀pọ̀ ló ti ń wá a kiri níbẹ̀.

Onílédì_Ṣábẹ̀ẹ́
PgBouncer wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣí ìròyìn mẹ́ta yẹn, lórí kọ̀ǹpútà tiwọn.

Àjàṣẹ́_SQL
Háà, ẹ ò bá ti tètè sọ. Àtẹ ìgbà díẹ̀ kò wúlò níbẹ̀ nígbà náà, ẹnì kan kì í rí ti ẹnì kejì. Materialized view (èsì ìbéèrè tí a tọ́jú sínú database, tí gbogbo ìsopọ̀ lè kà) ni kí ẹ ṣe: ìbéèrè kan náà, `CREATE MATERIALIZED VIEW` níwájú. Kò mọ̀ nípa àpò tí wọ́n wọ̀n lẹ́yìn tí ẹ dá a, títí ẹ ó fi sọ pé:

`REFRESH MATERIALIZED VIEW CONCURRENTLY owo_agbe;`

CONCURRENTLY yẹn ni kò ní jẹ́ kí àwọn tó ń kà á dúró, ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́ láìsí unique index (atọ́ka tí kò gba kí ìlà méjì ní iye kan náà). Ẹ fi í sórí `agbe_id`.

Ará_Kétu
Lórí `agbe_id` àti `abule_id` pọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Àgbẹ̀ tó lóko ní abúlé méjì á ní ìlà méjì, index náà á sì kọ̀.

Àjàṣẹ́_SQL
Òótọ́ ni. Òpó méjèèjì.