Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ fi ìmọ̀ sẹ́fítì mi ran ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò dá mi lóhùn

Adéwálé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Iṣẹ́ sẹ́fítì, ìyẹn ààbò níbi iṣẹ́, ni mò ń ṣe ní Texas níbí. Àwọn kan nínú yín mọ̀ mí láti ìgbà tí a jọ ń kàwé fún ìdánwò CSP, ìwé ẹ̀rí àwọn onímọ̀ sẹ́fítì. Ohun tí mo ń wá kò ju pé kí ìjọba ṣòfin tó máa dáàbò bo àwọn tó ń wọ kòtò ẹ̀gbin abẹ́ ilẹ̀. Owó kọ́ ni mò ń wá, kí wọ́n ṣáà lo ìmọ̀ mi. Mo kọ lẹ́tà tó kún fọ́fọ́, mo fi àwòrán sí i. Kò sẹ́ni tó pè mí. Lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà kọ ni wọ́n fi ránṣẹ́ pé àwọn dúpẹ́, orúkọ mi gan-an tí wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sódì. Mo pe fóònù, ọmọdébìnrin tó gbé e ní kí n sọ tẹnu mi ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan! Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn! Níbi iṣẹ́, ẹnì kan bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́. Ìyàwó mi náà ń kùn pé ìdí kọ̀ǹpútà ni ilẹ̀ máa ń mọ́ mi sí.

Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣí ideri kòtò, tó fi okùn sọ garawa kalẹ̀, tóun náà sì gba àkàsọ̀ tẹ̀lé e. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì, kò sí okùn lára rẹ̀ tí wọ́n lè fi fà á jáde, ẹni tó dúró lókè ń tẹ fóònù. Ẹ̀yin náà mọ hydrogen sulfide, gáàsì olóró inú kòtò ẹ̀gbin. Lákọ̀ọ́kọ́, á máa rùn bí ẹyin tó ti dòbu. Tó bá ti tó bí 100 ppm (ìdá 100 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́), imú á kú, ẹni tó wà níbẹ̀ á rò pé òórùn ti lọ. Ṣé ó dìgbà tí ọmọ yẹn bá kú kí wọ́n tó dá mi lóhùn? Kí ni kí n ṣe? Ó ti sú mi.

Bàbá Ṣọlá:
Adéwálé, o ò sọ ẹni tó o kọ lẹ́tà sí.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá wa. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Láti 1986 ni NIOSH, àjọ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò iṣẹ́, ti kọ ọ́ pé nínú àwọn tó ń kú sí irú ibi há-há bẹ́ẹ̀, àwọn tó sáré wọlé lọ yọ ẹlòmíì ló ju 60 lọ nínú 100. Òfin rẹ̀ wà nílẹ̀, ìlànà 1910.146 ti OSHA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ààbò iṣẹ́. Ẹ pe OSHA, kí wọ́n wá wò ó.

Kọ́lápọ̀:
Ní California tí mo wà, ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé sí Standards Board, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń ṣe òfin ààbò iṣẹ́, pé kí wọ́n ṣe òfin ààbò tuntun tàbí kí wọ́n tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe, òfin sì ní kí wọ́n dáhùn láàárín oṣù mẹ́fà. Èèyàn méje ló wà níbẹ̀, gómìnà ló ń yàn wọ́n, àga kan sì wà fún onímọ̀ ààbò bíi tiwa. Oṣooṣù ni wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n sì máa ń fún ará ìlú láyè láti sọ̀rọ̀. Mo ti lọ síbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ooru inú ilé iṣẹ́. 2016 ni òfin ti pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìlànà rẹ̀, 2024 ló tó fìdí múlẹ̀. Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó! Arákùnrin kan tó ń já ẹrù wá síbẹ̀, ó ní nínú ọkọ̀ ẹrù òun kò sí fèrèsé kankan, gbogbo wa dákẹ́. Torí náà ẹ kọ̀wé sí Board, ẹ má wulẹ̀ bẹ aṣòfin.

Fọlákẹ́:
Kọ́lápọ̀, Texas ni wọ́n wà. Texas kò ní State Plan, ìyẹn ètò ààbò iṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ń darí, kò sí Board kankan tó jọ tiyín níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ àti agbègbè 22 ló ní ètò tó kó ilé iṣẹ́ aládàáni àti òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀, 7 mìíràn ní tiwọn fún òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan.

Kọ́lápọ̀:
Àpẹẹrẹ ni mo fún wọn. Ṣé a ò lè ṣàpẹẹrẹ mọ́ ni?

Fọlákẹ́:
Ẹ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ti ní kí wọ́n má bẹ aṣòfin, ilé aṣòfin sì ni ọ̀nà tí wọ́n ní. Ẹ má ṣì wọ́n lọ́nà.

Adéwálé:
Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Ìbejì, mo pe OSHA. Wọ́n ní kò sí lábẹ́ àwọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Àwọn sẹ́nétọ̀ wa méjèèjì ní Washington ni mo kọ ọ́ sí, àwọn náà ló ga jù. Mi ò sì gbà pé lẹ́tà náà gùn jù, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kì í ṣe ohun tí a ń gé kúrú.

Bàbá Ṣọlá:
Háà, Adéwálé! O ní ìjọba ìpínlẹ̀ lo fẹ́ kó gbọ́, o wá lọ kọ̀wé sí Washington? Austin ni wọ́n ti ń ṣòfin Texas. Aṣojú 150 ló wà níbẹ̀, sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ 31. Ọ̀kan nínú àwọn aṣojú yẹn ló ń ṣojú àdúgbò rẹ, ó sì ṣeé ṣe kó má tíì rí onímọ̀ ààbò kankan tó wá jókòó níwájú rẹ̀ rí. O ń bínú sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ohùn rẹ.

Táyélolú:
Ẹ jẹ́ ká rọra bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń jìyà lọ́kàn. Nígbà tí iná jó ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní New York, 25 Oṣù Kẹta 1911, tí èèyàn 146 kú, ìpínlẹ̀ yẹn gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Robert Wagner àti Al Smith, aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, ló ṣáájú rẹ̀. Frances Perkins, obìnrin tó ń jà fún òṣìṣẹ́, wà lára àwọn tó bá wọn ṣèwádìí, ó sì rí i dájú pé àwọn aṣòfin fẹsẹ̀ ara wọn lọ sínú ilé iṣẹ́, wọ́n fojú ara wọn rí àkàsọ̀ tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa bá sá lọ tí iná bá ṣẹ́ yọ. Òfin tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ lé ní 30. Ẹ ní kí aṣojú yín wá dúró létí kòtò yẹn, lókè, kó wo inú rẹ̀.

Fọlákẹ́:
Táyélolú, ẹni tó ni kòtò ńkọ́? Ẹ ò lè mú aṣòfin lọ sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Bọ̀dá Adéwálé, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí OSHA fi ní kò sí lábẹ́ àwọn? Ta ló gba ọmọkùnrin yẹn síṣẹ́?

Ìyá Ìbejì:
Tàbí kí ẹ tún pe OSHA lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀.

Adéwálé:
Ìjọba ìlú ló gbà á. Ìlú náà ló gba èmi náà, mo rò pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀, gáàsì kò mọ ẹni tó ń san owó oṣù.

Fọlákẹ́:
Bọ̀dá mi, ìyẹn gan-an ni kókó! Òfin OSHA ti 1970 yọ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, àyàfi níbi tí ìpínlẹ̀ bá ti ní ètò tirẹ̀. Ní Texas, ẹni tí agbaṣẹ́ṣe gbà tó wọ inú kòtò yẹn ní ìlànà 1910.146 tàbí ìlànà iṣẹ́ ilé kíkọ́ tó ń dáàbò bò ó. Ẹni tí ìlú gbà tó wọ kòtò kan náà, OSHA kò lè bá a dá sí i. Ẹ ti rí ohun tí ẹ máa béèrè fún báyìí, ó sì ṣe tààrà: kí ìpínlẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní ààbò tí kò kéré sí ti aládàáni.

Wọ́n ti ṣe é níbòmíì. Massachusetts fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2018, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kejì 2019. Ẹ lọ ka a, ẹ mú un dání. Aṣòfin fẹ́ràn ohun tí ẹlòmíì ti dán wò.

Ó ku ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Section 11(c) nínú òfin OSHA yẹn, tó ń dáàbò bo ẹni tó bá fẹjọ́ sùn, kò kó òṣìṣẹ́ ìlú mọ́ra. Orúkọ wo ló wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yín?

Adéwálé:
Orúkọ mi ni, àti ipò mi níbi iṣẹ́. Ìwé tí wọ́n tẹ orúkọ ìlú sí lókè ni mo lò. Kí ni kí n lò? Ipò yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mi ò kàn ń sọ̀rọ̀ láìnídìí. Ọ̀gá mi ti pè mí lórí ẹ̀, ó ní kí n wá ṣàlàyé ní Ọjọ́bọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Jésù! Ẹ ò sọ èyí láti àárọ̀.

Kọ́lápọ̀:
Wọn ò lè ṣe yín ní nǹkan kan, Amẹ́ríkà la wà, ẹnu ẹni ni òmìnira ẹni.

Fọlákẹ́:
Kọ́lápọ̀, ẹ má fi wọ́n sínú wàhálà. Ní 2006, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ Garcetti pé bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ara iṣẹ́ rẹ̀, òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ kò gbà á lọ́wọ́ ìbáwí ọ̀gá. Bó bá sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ará ìlú lórí ohun tó kan gbogbo ènìyàn, ìyẹn yàtọ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi ìwé ìlú kọ ti gbé ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ apá tí kò dáa. Ẹ wá lọ́yà tó mọ òfin iṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Láti òní lọ, íméèlì tiyín, fóònù tiyín, ọjọ́ ìsinmi tiyín, aṣọ tí kò ní àmì ìlú. CSP yín lè wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ṣèdánwò rẹ̀.

Bàbá Ṣọlá:
Fọlákẹ́ ti sọ ọ́. Àbúrò, ẹ̀mí ọmọ yẹn ló gbé ọ débẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tìẹ náà ń bọ́ ọmọ.

Nípa àkókò: ọdún méjì méjì ni ilé aṣòfin Texas ń jókòó, fún 140 ọjọ́. Oṣù Kìíní 2027 ló kàn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gba àbádòfin ní Oṣù Kọkànlá 2026, lẹ́yìn ìdìbò. Àsìkò tí wọn ò jókòó yìí ló dára jù fún èèyàn bíi tìẹ, ọwọ́ wọn dilẹ̀ díẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ sì máa ń ṣe ìwádìí lórí ohun tí wọ́n bá gbé fún wọn. Òṣìṣẹ́ tó ń bá aṣojú kọ àbádòfin ni kó o wá, torí òun ló ń ka ìwé. Tí kò bá sẹ́ni tó ń sanwó fún ọ láti sọ̀rọ̀, tí o ò sì náwó lé aṣòfin lórí, wọn ò ní pè ọ́ ní lobbyist, ìyẹn ẹni tó fi rírọ aṣòfin ṣe iṣẹ́, síbẹ̀ ka ohun tí Texas Ethics Commission, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kọ. Wọlé bá ẹ̀ka ASSP, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ààbò iṣẹ́, tó sún mọ́ ọ, béèrè ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìjọba níbẹ̀. Ohùn ẹgbẹ́ kò rọrùn láti bá wí bí ohùn ẹnì kan.

Táyélolú:
Tí wọ́n bá ṣe ìjókòó ìtagbangba, ẹ múra fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ sọ ti garawa àti imú tó ń kú yẹn. Ẹ má ka ìlànà sí wọn létí. Kí aṣòfin mọ̀ pé ẹ lè dáhùn ìbéèrè lọ́la, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ìjọba ìlú bá sọ pé owó rẹ̀ pọ̀ jù.

Adéwálé:
Mo ti rí orúkọ aṣojú mi, ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sílé. Mo ti bá lọ́yà kan sọ̀rọ̀, ó ní kí n mú lẹ́tà náà wá lọ́la. Mi ò tíì gbà pé ohun tí mo kọ burú o. Ṣùgbọ́n Fọlákẹ́, òfin Massachusetts yẹn, níbo ni mo ti lè rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà?

Fọlákẹ́:
Wọ́n pè é ní Chapter 44 ti 2018, ó wà lórí ojúlé ilé aṣòfin wọn, kò gùn. Ẹ kọ tiyín sójú ìwé kan ṣoṣo, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n kà á kí ẹ tó mú un lọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi àwòrán tí ẹ yà lẹ́nu iṣẹ́ sí i títí lọ́yà á fi rí i.