Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Zeppelin ìyá àgbà: mo ti rídìí ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi dá sí i, ẹ ṣeun o. Ẹ rántí pé ìyá àgbà ọkọ mi, ọmọ Salvador ní Bàhíà, lórílẹ̀-èdè Brazil, ló ní nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tóun wà lọ́mọ ọdún bíi méje, Zeppelin, bàlúùnù ńlá gbọọrọ tó ń gbé èèyàn fò, máa ń gba orí òkun kọjá. Mi ò gbà á gbọ́. Zeppelin àwọn ará Jámánì ti ṣíwọ́ wíwá sí Brazil láti 1937, ogun ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Àṣé orúkọ nìkan ló ṣì. Lóṣù kẹjọ 1942, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan, U-507, mú kí ọkọ̀ ojú omi mélòó kan rì létíkun Bàhíà àti Sergipe. Ìyẹn ló ti Brazil wọ ogun. Ní 1943, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kó bàlúùnù gbọọrọ elẹ́ńjìnnì méjì wá, tí wọ́n ń pè ní blimp, tó gùn tó mítà 76, láti máa wá irú ọkọ̀ abẹ́ omi bẹ́ẹ̀ kiri. Ipitanga, níbi tí pápákọ̀ òfuurufú Salvador wà lónìí, wà lára ibi tí wọ́n ń so ó mọ́lẹ̀ sí.

Mo fi fọ́tò ẹ̀ han ìyá àgbà lórí fóònù. Wọ́n fìka tọ́ka sí yàrá kékeré tó so mọ́ ikùn ẹ̀: "Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń juwọ́ sáwa ọmọdé." Bẹ́ẹ̀, mi ò tíì sọ fún wọn pé èèyàn ń jókòó níbẹ̀ o! Mo tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n orúkọ tuntun yẹn, blimp, wọn ò gbà á. Wọ́n ní Zeppelin ni, àní Zeppelin ni.

Mo pa á dé síbẹ̀.