Ọmọ mi há tense Gẹ̀ẹ́sì sórí, kò mọ̀ ọ́n lò: báwo ni kí n ṣe là á yé e?

Ìyá Oníyán, Adó-Èkìtì
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin àgbà ibí yìí. Iyán ni mò ń tà ní Adó. Ọmọ mi obìnrin wà ní JSS 2. Wọ́n ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa ohun tí wọ́n ṣe nílé, ó wá kọ ọ́ báyìí: "Yesterday my mother pound yam. I have washed the mortar yesterday. Did the customers enjoyed it?" Bírò pupa ni wọ́n fi fa ìlà sí gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn ò kọ ìdí kankan síbẹ̀.

Ọmọ yìí lè ka orúkọ tense méjèèjìlá, ìyẹn ọ̀nà tí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ìgbà, láìsinmi bí ẹni ń ki oríkì. Àmọ́ tó bá ti kan kó kọ̀wé, ọ̀rọ̀ a dàrú mọ́ ọn lójú. Mo mọ̀ pé "pounded" ló yẹ kó kọ. Èyí tí mi ò lè ṣàlàyé fún un ni ti "have washed", torí gbogbo wa là ń sọ pé "mo ti fọ odó lánàá." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Yorùbá tó já gaara là á fún mi, kí n lè jókòó tì í tí a bá palẹ̀ mọ́.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́
Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Orí ọmọ yín pé. Yorùbá ló fi ronú kó tó kọ ọ́, ibẹ̀ náà ló yẹ ká ti bá a mú un.

"Pound" tiyín yẹn gan-an ni ká lò, torí ó ń tẹ̀lé òfin. Ìrísí mẹ́rin péré ló ní: "pound", "pounds", "pounding", "pounded". Gbogbo tense tó há sórí, inú mẹ́rin yìí ni wọ́n ti ń jáde, tí "be", "have" àti "will" bá ràn wọ́n lọ́wọ́.

Lédè tiwa, "gún" kì í yí padà. Ọ̀rọ̀ kékeré iwájú rẹ̀ ló ń sọ ìgbà. Tí nǹkan kan ò bá sí níwájú rẹ̀, tí mo kàn ní "ìyá mi gún iyán", ẹ ti mọ̀ pé ó ti kọjá. Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. "I pound yam" lásán, ohun tí èèyàn máa ń ṣe ló ń sọ, iṣẹ́ òòjọ́ yín nìyẹn. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọmọ ti yọ̀.

Ẹ mú gbólóhùn kan ṣoṣo, kí ẹ máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn fún un. "Mò ń gún iyán": "I am pounding yam." "Ìyá mi máa ń gún iyán": "My mother pounds yam", s yẹn ò gbọdọ̀ sọnù. "Mo gún iyán lánàá": "I pounded yam yesterday." "Màá gún iyán lọ́la": "I will pound yam tomorrow."

Ó wá ku "ti", òun ló le jù. "I have washed the mortar" ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì kan ìsinsìnyí: odó ti mọ́, ẹ lè kó iṣu sí i. Tí ẹ bá ti dárúkọ ìgbà tó ti kọjá lọ, bíi "yesterday" tàbí "in 2019", "have" gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀: "I washed the mortar yesterday." Ìgbà tí kò tíì parí, bíi "today" àti "this week", lè bá "have" gbé.

Ti "did" ò le. Ó ti gbé àmì ohun tó kọjá sórí ara rẹ̀, kí "enjoy" máa lọ bó ṣe wà: "Did the customers enjoy it?"

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkọ̀lé
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìpè kún un, torí WAEC ń dán èèyàn wò nínú Oral English. Ọ̀pọ̀ wa máa ń pe "cooked" ní "kúkẹ́ẹ̀dì". Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ fi ìka kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kó pe ìparí "peel", ọ̀fun á gbọ̀n, torí náà "d" ló ń dún ní ìparí "peeled". Ní ìparí "cook" àti "wash", ọ̀fun ò gbọ̀n, "t" ló ń dún. Tí ọ̀rọ̀ bá ti fi t tàbí d parí tẹ́lẹ̀ nìkan la máa ń fi ìró kan kún un: "wanted", "pounded".

Bàbá Fẹ̀yìntì, Ìdó
Tíṣà Ìkẹ́rẹ́, ẹ ṣeun, àmọ́ ó ku ibì kan. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe wa tó dá dúró ló ti kọjá. "Mo mọ̀ ọ́n", "mo fẹ́ iyán", ìsinsìnyí ni wọ́n ń sọ: "I know him", "I want pounded yam." Tí ọmọ bá di òfin yín mú gírígírí, "I knew" ló máa kọ níbi tí kò yẹ.

Ìyá, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní kó kọ ohun tí ẹ ṣe láti àárọ̀ títí tí ẹ fi ta iyán tán: "peeled", "washed", "boiled", "pounded", "served". Èyí tí kò bá gba "ed", bíi "bought" àti "sold", kó kọ wọ́n sí ojú ìwé ọ̀tọ̀, ṣe ni yóò há ìwọ̀nyẹn sórí.

Ìyá Oníyán, Adó-Èkìtì
Ẹ ṣeun o, ọmọ yín ò ní yàgàn. A ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń yé e. Ó wá bi mí pé "láti àárọ̀ ni ìyá mi ti ń gún iyán" ńkọ́? "Ti" wà níbẹ̀, "ń" náà wà níbẹ̀.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́
Ọmọ yẹn mà gbọ́n o! Àwọn méjèèjì ló máa lò: "My mother has been pounding yam since morning." "Has" dúró fún "ti", "been" àti "ing" dúró fún "ń". Tó bá jẹ́ iye wákàtí ló fẹ́ sọ, kó fi "for" rọ́pò "since": "for three hours."