Àpá ara ẹ̀dọ̀: ṣé dandan ni kí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́?

Ọmọ Mọ̀ọ́rẹ̀ (Manchester): Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Bàámi n'Ífẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, skáànù tún fi hàn pé ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ wọn, dókítà wá ní kí àwọn wò ó bóyá àpá ti wà lára ẹ̀. Ẹnì kan ti lọ sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ gbọọrọ ni wọ́n máa fi gé díẹ̀ níbẹ̀, bàbá ní àwọn ò lọ síbì kankan. Ṣé ọ̀nà míì wà?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì (Houston): Àbúrò, fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, ẹ̀jẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. FIB-4 ni wọ́n ń pè é, ìṣirò ni: ọjọ́ orí, AST àti ALT (èròjà inú ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀), àti platelet (ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì). Láàbù tó bá ti lè ṣe LFT (àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀) àti FBC (kíka èròjà ẹ̀jẹ̀) ti ṣe é tán, ì báà jẹ́ Teaching n'Ífẹ̀ tàbí Wesley Guild lọ́dọ̀ tiwa n'Iléṣà. Kí wọ́n ya èsì ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp, kó o ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ. Ọjọ́ orí lọ́nà AST, fi platelet lọ́nà square root ALT pín in. Ká ní ẹni ọdún 58 ni, AST 46, ALT 49, platelet 190 (láàbù míì á kọ 190,000, 190 náà ni kó o lò): 2,668 tá a fi 1,330 pín, bíi 2.0. Tí ò bá tó 1.3, kò sí wàhálà púpọ̀. Tó bá ju 2.67, kí wọ́n tètè lọ rí dókítà ẹ̀dọ̀. Àárín méjèèjì, FibroScan ló kàn, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé ẹ̀gbẹ́ lásán. Ẹni tó bá ti pé 65, 2.0 la fi ń rọ́pò 1.3 yẹn.

Ìyá Ìbejì (London): Kí wọ́n má lọ ṣe é nígbà tí ibà bá ń ṣe wọ́n o! Ibà máa ń já platelet wálẹ̀. Ẹ fi 110 sípò 190 nínú ìṣirò Ẹ̀gbọ́n, ó máa fò lọ sí bíi 3.5, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ò kúrò níbi tó wà. Ẹ sì mọ àwọn ará ilé, wọ́n á gbé oògùn ibà mì, wọ́n á gba láàbù lọ.

Ọmọ Mọ̀ọ́rẹ̀: Ẹ ṣé gan-an. Mo tiẹ̀ lọ wo tèmi tí GP (dókítà àdúgbò mi níbí) ṣe, ALT nìkan ni mo rí, kò sí AST.

Ìyá Ìbejì: Bí tibí ṣe rí nìyẹn, ọ̀pọ̀ láàbù NHS (ètò ìlera ìjọba níbí) kì í ṣe AST àfi tí wọ́n bá béèrè. Ibòmíì, ELF ni wọ́n máa ṣe, òun ń wo nǹkan mẹ́ta tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí àpá bá ń mú ẹ̀dọ̀, tó bá ti dé 10.51 àpá ti pọ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́? FIB-4 ò ṣe é gbára lé fẹ́ni tí ò tíì pé 35.

Ọmọ Mọ̀ọ́rẹ̀: 41 mà.

Ìyá Ìbejì: Ó dáa, ní kí GP fi AST kún un nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ẹ.