Dókítà òru tó wá sílé wa ní Ọ̀bá-Ilé, ṣé kí n ṣì máa pè wọ́n?

Ìyá Tòmíwá
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ọsibítù aládàáni kan la ti ń lò láti ìgbà tí mo ti lóyún Tòmíwá, dókítà tó ni ín mọ gbogbo wa dáadáa, ó mọ̀ pé oògùn Septrin kì í bá Tòmíwá lára mu, ṣùgbọ́n tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ bàbá náà á ti lọ sílé. Nọ́ńbà kan ni wọ́n wá fún wa pé ká máa pè lóru àti ní Sọ́ńdè, wọ́n á rán dókítà wá bá wa nílé. Inú wa dùn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, torí kéèyàn gbé ọmọ tára ẹ̀ ń gbóná láti Ọ̀bá-Ilé wọ Akúrẹ́ lóru kì í ṣe eré.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ara Tòmíwá gbóná, ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ó sì ń bì, mo bá pè wọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló gun ọ̀kadà dé. Kò sọ orúkọ, mo ní dókítà ẹ káàbọ̀, ó mi orí. Kò gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, kò gún un níka kó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀ ló tàn sí i lójú, ó ní ibà ni. Ó fa oògùn látinú ìgò abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ó gún ọmọ ní ìdí, ó kó àwọn ìgò náà padà sínú báàgì ẹ̀. Mo bi í pé kí lorúkọ oògùn, ó ní "Mummy ẹ fọkàn balẹ̀, abẹ́rẹ́ ibà àti ti ara gbígbóná ni." Ó gbowó, ó lọ, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ara ọmọ wálẹ̀ o, a dúpẹ́, àmọ́ nígbà tí mo gbé e lọ bá dókítà wa gan-an láàárọ̀ Mọ́ńdè, bàbá bi mí pé kí ni wọ́n fún un, mi ò rí nǹkan sọ, òun náà ò sì rí nǹkan kan kà nínú fáìlì. Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀, ṣebí ọmọ ti yá. Ṣé kí n ṣì máa pè wọ́n? Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó dáa?

Àbẹ̀kẹ́ Ìjàpọ̀
Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé wọ́n wá. Tiwa kì í gbé fóònù tílẹ̀ bá ti ṣú.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró
Ìyá Tòmíwá, iṣẹ́ òru lèmi náà ń ṣe, ẹ jẹ́ n bá yín sọ ọ́ bó ṣe rí. Kí ọmọ yá kò túmọ̀ sí pé wọ́n tọ́jú ẹ̀ bó ṣe yẹ o. Ìwọ̀n ara ọmọ la fi ń ṣírò oògùn ẹ̀. Parasitamọ́ọ̀lù lásán, miligíráàmù 15 fún kìlò kọ̀ọ̀kan ni, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Artesunate tá à ń gún fún ibà tó le, miligíráàmù 3 fún kìlò kan ni fọ́mọ tí ò tíì tó kìlò 20. Ẹni tí kò wọn ọmọ, kí ló fi ṣírò? Tó bá wá jẹ́ pé parasitamọ́ọ̀lù wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, tí ìyá ọmọ tí ò mọ̀ tún fún un ní sírọ́ọ̀pù lẹ́yìn wákàtí kan ńkọ́? Ká má tiẹ̀ tíì sọ ti Septrin tó ń ba ara ẹ̀ jẹ́, ta ló sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn? Ibà náà, láti 2010 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní ká máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó fún èèyàn lóògùn ẹ̀, tẹ́ẹ̀sì gígún níka yẹn sì ń wọ báàgì, kì í pẹ́ rárá. Èyí tó tún dùn mí jù ni abẹ́rẹ́ ìdí. Iṣan ńlá kan gba ibẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, bí abẹ́rẹ́ bá bà á, ọmọ lè máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ itan la máa ń gún ọmọ kékeré. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo ìrìn ẹ̀.

Ìyá Tòmíwá
Ó ń rìn dáadáa ma, ó ń sáré kiri. Ẹ ṣé gan-an.

Bàbá Alágbàká
Ẹ gba ọsibítù ìjọba lọ jàre, UNIMED Teaching Hospital wà l'Ákúrẹ́, dókítà wà ní emergency wọn tọ̀sán tòru.

Ìyá Tòmíwá
Ẹ ṣé sà. Ọkọ̀ ni ìṣòro, tó bá ti di aago méjì òru ní àdúgbò wa kò sí ohun tẹ́ẹ lè rí wọ̀.

Ọmọ Oǹdó ní Manchester
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé nìkan. Ní England níbí, láti 2004 ni ọ̀pọ̀ dókítà ìdílé ti gbé iṣẹ́ òru sílẹ̀ fáwọn ẹlòmíì, láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ títí di mẹ́jọ àárọ̀, àti wíkẹ́ńdì. Lọ́dún 2008 dókítà kan wọkọ̀ òfuurufú láti Jámánì wá ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní agbègbè Cambridge, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣe é níbí nìyẹn. Wọ́n rán an lọ sílé bàbá ẹni 70 ọdún kan tí kíndìnrín ń ro, ó gún bàbá ní diamorphine, oògùn ìrora tó le gan-an, miligíráàmù 100, ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó yẹ, bàbá sì kú. Ní 2010 ni kórónà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wádìí ikú náà, sọ pé wọ́n pa á láìbófinmu ni. Dókítà gidi ni o, ó níwèé, oògùn yẹn gan-an ni kò mọwọ́ ẹ̀. Torí náà bẹ́ẹ bá rí láísẹ́ǹsì ẹ má sinmi síbẹ̀. Òfin kan tí wọ́n fi de àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru níbí nígbà yẹn tí mo fẹ́ràn ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe lóru, àkọsílẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ dókítà ìdílé yín kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀lé e. Ohun tó yẹ kẹ́ẹ bá ọsibítù yín jà fún nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró
Ẹ ṣeun ará Manchester, ibẹ̀ gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá pè wọ́n, kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn ẹ béèrè pé ta ló ń bọ̀, ṣé dókítà ni àbí nọ́ọ̀sì. Kò sí ẹ̀gàn nínú ẹ̀. MDCN ló ń fún dókítà ní láísẹ́ǹsì ní Nàìjíríà, ọdọọdún ló sì ń tún un ṣe, ẹni tó ní in ò ní bínú tẹ́ ẹ bá béèrè. Ìgò oògùn, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò kó tó fà á sókè. Àmọ́ o, tí ọmọ ò bá lè mumi, tó ń bi gbogbo ohun tó bá jẹ, tí giri bá mú un, tàbí tẹ́ ẹ jí i tí kò jí, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni tó ń gbé báàgì bọ̀ wá sílé, ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tó ní mọ́tò. Ti giri yẹn, ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì jẹ́ kí màmá àgbà kankan da àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun, mo ti rí ibi tíyẹn ń já sí lẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ìyá Tòmíwá
Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún dadi Tòmíwá, òun gan-an ló ní ká lọ bá dókítà wa lọ́la. A máa sọ fún wọn pé a ò ní pe nọ́ńbà yẹn mọ́ àfi tí wọ́n bá ń fi orúkọ ẹni tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wa, tí ẹni náà sì ń kọ oògùn àti ìwọ̀n ẹ̀ sílẹ̀ lójú wa, ẹ̀dà kan fún wa, ẹ̀dà kan nínú fáìlì. Tí wọn ò bá gbà, a máa bá aládùúgbò wa tó ń wa taxi ṣàdéhùn fún òru.

Àbẹ̀kẹ́ Ìjàpọ̀
Ẹ dákun, tí wọ́n bá gbà, ẹ bá mi béèrè bóyá wọ́n ń dé Ìjàpọ̀.