Èló ló yẹ kí màmá mi gbà lórí ojú àti NIN wọn?

Ọmọ Aláṣọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí èmi àti màmá mi tó jà. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági nílùú Ìbàdàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá àwọn ọmọkùnrin méjì kan wá sí ìsọ̀ wọn, wọ́n ní àwọn ń ṣí àkáǹtì orí fóònù fún oníṣòwò, kí màmá mú NIN wá, kí wọ́n mú BVN wá, kí wọ́n wojú fóònù, kí wọ́n ṣẹ́jú, kí wọ́n yíjú sọ́tùn-ún kí wọ́n yí i sósì, ó parí. ₦1,500 lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbogbo ìsọ̀ tó wà ní láìnì yẹn ló ṣe é, ẹnì kan tiẹ̀ sáré lọ pe ọmọ ẹ̀ wá kóun náà jẹ níbẹ̀.

Ìgbà tí mo délé, ṣe ni wọ́n ń ròyìn ẹ̀ fún mi bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo ní kí lorúkọ ilé-iṣẹ́ náà, wọn ò mọ̀. Mo ní àkáǹtì ọ̀hún dà, àṣé orí fóònù ọmọ yẹn ni wọ́n ti ṣí i. Inú bí mi, mo ní màmá, ẹ ti ta dáta yín! Wọ́n ní dáta wo, ṣebí ìwọ lò ń ra dáta sórí fóònù mi, látọjọ́ Mọ́ńdè ló sì ti tán. (Ẹ̀yin sáà mọ̀ pé kì í ṣe dáta ti gìgì ni mò ń sọ, ìsọfúnni nípa ara wọn ni.)

Nígbà tó wá yé wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí. Wọ́n ní ìwọ tó o kàwé, tí ₦1,500 bá kéré, èló ló yẹ kí n gbà? N ò rí nǹkan kan sọ. Mo fẹ́ ní mílíọ̀nù kan, mo rí i pé irọ́ ni màá pa, torí èmi gan-an ti fi ojú àti nọ́ńbà mi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tó ju ogún lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, èló lẹ máa gbà?

Kòsẹ́jọ́:
Kí màmá jẹ owó wọn jàre 😂 Ṣé o ti gbàgbé 2024 ni? Wẹ́ẹ̀bù kan ń ta NIN àti BVN ọmọ Nàìjíríà ní ₦100 péré, Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló tú àṣírí ẹ̀ lóṣù kẹfà, NIMC, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní NIN, sì jáde wá ní kò sẹ́ni tó wọ ibi tí àwọn kó nǹkan sí. ₦100 o! Owó píọ̀ wọ́tà méjì nígbà yẹn. Ọjà tí wọ́n ti ń ta lẹ́yìn ẹ ní ₦100, tí màmá wá ta fúnra wọn ní ₦1,500, ta ló gbọ́n jù níbẹ̀?

Arìnrìnàjò:
Kòsẹ́jọ́ ò ní pa mí. Mo wà ní Nairobi ní 2023 nígbà tí Worldcoin, àwọn onówó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, gbé bọ́ọ̀lù fàdákà yẹn dé, èyí tí wọ́n fi ń ya ẹyinjú. Èrò tó tò sí KICC, gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá tó wà níbẹ̀, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí. Tókìnnì 25, ìyẹn owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, ni wọ́n ń fún èèyàn, nǹkan bíi 7,000 ṣílè Kẹ́ńyà nígbà yẹn. N ò gbọ́ kí ẹnì kan bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹyinjú ṣe, "ìgbà wo lowó máa wọlé" ni gbogbo wọn ń bèèrè, n ò sì dá wọn lẹ́bi, owó ilé ń bẹ nílẹ̀. Ní August 2 ìjọba ní kí wọ́n dá a dúró, May 2025 ni ilé ẹjọ́ gíga wá ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ láàárín ọjọ́ méje. Lójú tèmi, kì í ṣe ẹyinjú ni wọ́n díye lé, ebi ọjọ́ yẹn ni.

Èjẹ́ńtì Tẹ́lẹ̀:
Mo ti ṣe iṣẹ́ táwọn ọmọ yẹn ń ṣe rí, n ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́. ₦3,000 ni wọ́n ń san fún mi lórí orí kan, èmi ni mò ń pinnu iye tí mo máa yọ fún ẹni tó ni orí. Tó bá jẹ́ ìyá àgbà, ₦1,000 ti pọ̀. Tó bá jẹ́ stúdẹ́ǹtì, ó máa bá mi ná an, á dé ₦2,000. Nítorí náà ₦1,500 màmá yẹn kì í ṣe iye ojú wọn, ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ọmọ yẹn ti jẹ tiẹ̀ ni.

Kòsẹ́jọ́, nọ́ńbà NIN lásán yàtọ̀ o. Èyí tí wọ́n ṣẹ́jú sí tí wọ́n yíjú sí yìí, àkáǹtì tó ṣeé lò ló di, ó sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Tí owó yàhúù bá gba ibẹ̀ kọjá, BVN màmá ni wọ́n máa kọ sínú wọ́ọ̀ṣì-lísìtì, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn tí báńkì fura sí pé wọ́n ń lu jìbìtì, kì í ṣe ti ọmọ yẹn. Wá wọn rí kíá, kí wọ́n ti àkáǹtì yẹn pa. Òfin NDPA ti 2023, tó ń dáàbò bo dáta ọmọ Nàìjíríà, gba èèyàn láyè láti sọ pé òun ò gbà mọ́.

Àdùkẹ́ Dublin:
Ọmọ Aláṣọ, o kàn bi ìbéèrè yẹn lódì ni. Àwọn olùwádìí kan ní Carnegie Mellon tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2013, wọ́n ń pín káàdì ìrajà ní mọ́ọ̀lù. Ti $10, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó o fi rà. Ti $12, wọ́n máa kọ orúkọ ẹ mọ́ gbogbo ohun tó o rà. Wọ́n wá ní ẹni tó bá fẹ́ lè pààrọ̀ tiẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní ti $10, ó lé díẹ̀ ní ìdajì wọn tó ní rárá àwọn ò pààrọ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní ti $12, bóyá ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló gbà láti pa $2 yẹn tì kí wọ́n má bàa ṣọ́ òun. Káàdì kan náà o, èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ló yàtọ̀.

Lọ́dọ̀ wa níbí, Meta tó ni Facebook àti Instagram ní November 2023 ní kí ẹni tí ò bá fẹ́ ìpolówó máa san €9.99 lóṣù lórí kọ̀ǹpútà. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n já a sí €5.99. Àbí dáta mi ti di ẹ̀fọ́ ìrọ̀lẹ́ ni 😏 N ò san o, mo tẹ "mo gbà" torí mò ń sáré wo fídíò ìgbéyàwó àbúrò mi. Bi màmá léèrè iye tí wọ́n máa san láti gba ojú àti nọ́ńbà wọn padà.

Ọmọ Aláṣọ:
Mo ti bi wọ́n o. Wọ́n ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀, ojú àwọn ni, ṣé èèyàn máa ń fowó ra ojú ara ẹ̀ ni.

Èjẹ́ńtì ẹ ṣé gan-an. Màmá rí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ní àná ní ìsọ̀ àwọn alátíkè, wọ́n di apá ẹ̀ mú títí tó fi pe ọ̀gá ẹ̀, wọ́n ti pa àkáǹtì yẹn, mo rí i lójú ara mi. Ọmọ yẹn wá ní kí màmá dá ₦1,500 padà, pé wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó òun. Màmá ní wọ́n ti fi ra ata.