Rẹ́fíúwà ní ká ṣírò páwà lẹ́yìn tí ìwádìí ti parí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Nọ́ọ̀sì_Adéọlá
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí ọ̀rọ̀ mi. Èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ìwádìí kan lórí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, a pín wọn sọ́nà méjì, 40 níbí, 40 lọ́hùn-ún, nọ́ọ̀sì ń pe apá kan lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti rán wọn létí oògùn àti ọ̀rọ̀ iyọ̀, apá kejì ń gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tá a parí, BP tòkè àwọn tá à ń pè fi 4 mmHg wálẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ, 95% CI rẹ̀ (àlàfo tó ṣeé ṣe kí ìyàtọ̀ gangan wà) láti -1.5 dé 9.5, p = 0.15 (p ni bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ìyàtọ̀ tó tó báyìí jáde ká ní ìpè ò ṣe nǹkan kan). A ti fi pépà ránṣẹ́ sí jọ́nà kan, rẹ́fíúwà kejì, ọ̀kan lára àwọn tó ń yẹ pépà wò fún jọ́nà, wá ní ká ṣírò páwà ẹ̀yìn ìwádìí (agbára tí ìwádìí ní láti rí ìyàtọ̀ tó bá wà lóòótọ́) ká kọ ọ́ síbẹ̀, kóun lè mọ̀ bóyá èèyàn tá a lò ló kéré jù. Sọ́fítíwià wo lẹ lè júwe fún mi tí ò ní gba owó? Ṣé 80% náà ló gbọ́dọ̀ jáde?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
G*Power ni o, ọ̀fẹ́ ni, Yunifásítì Düsseldorf ní Jámánì ló ṣe é. Ṣí i, mú t tests, níbi tí wọ́n kọ Type of power analysis sí, yan Post hoc, kó effect size (bí ìyàtọ̀ ṣe tóbi tó) àti 40, 40 sí i, tẹ Calculate, ó parí nìyẹn. Tó bá jẹ́ SPSS lo ní, lọ sí Univariate, wàá rí Observed power nínú Options, máàkì í. Má jẹ́ kí rẹ́fíúwà dá pépà ẹ dúró jàre.

Oníṣirò_Leeds
G*Power dáa lóòótọ́, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì kọ iye yẹn sínú pépà yín. Tẹ́ ẹ bá mú 4 mmHg tó jáde nínú dátà yín tẹ́ ẹ fi ṣírò páwà, p-value yín lẹ tún ń kà lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ẹni tó mọ ọ̀kan ti mọ ìkejì. Níbi tí p bá ti jẹ́ 0.05 géérégé, ìyẹn ààlà tí wọ́n sábà ń lò, páwà tó máa jáde ò ní jìnnà sí 50%, ìwádìí yòówù kó jẹ́. Pẹ̀lú 0.15 tiyín, nǹkan bí 30% ló máa jẹ́, mi ò sì tíì fojú kan dátà yín rárá. Ohun tí rẹ́fíúwà fẹ́ mọ̀ ni bóyá èèyàn ló kéré àbí ìpè yẹn ni ò ṣiṣẹ́, iye yìí ò lè sọ èyí tó jẹ́, torí gbogbo ìgbà tí p bá ti ju 0.05 lọ ni páwà yẹn máa kéré, ì báà jẹ́ 40 èèyàn lẹ lò tàbí 4,000.

Láti 2001 ni Hoenig àti Heisey ti tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ nínú The American Statistician. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ḿbà temi ṣàpẹẹrẹ ohun kan tí wọ́n fi hàn níbẹ̀. Ìwádìí méjì, p ọ̀kan jẹ́ 0.06, tìkejì 0.60. Èyí tó jẹ́ 0.06 ni páwà rẹ̀ máa ga jù. Àwọn tó ń lo páwà báyìí á wá ní "páwà ga, síbẹ̀ a ò rí nǹkan, a jẹ́ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ lóòótọ́". Bẹ́ẹ̀ 0.06 yẹn gan-an ló fẹ́ sọ pé nǹkan wà níbẹ̀! Ó dojú rú pátápátá.

Màmá_Ìbejì
Mo kín Oníṣirò lẹ́yìn. Ìlànà CONSORT tí ọ̀pọ̀ jọ́nà ìṣègùn ń tẹ̀ lé, àlàyé ti 2010 sọ ọ́ síbẹ̀ pé páwà tí wọ́n ṣírò látinú èsì fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ níye lórí, CI ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì, ẹ wo CI yín dáadáa. Nísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí BP àwọn tẹ́ ẹ̀ ń pè fi 1.5 ga ju tàwọn yòókù. Lókè, ó ṣeé ṣe kó fi 9.5 wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ṣoṣo ní ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò máa ń fa BP tòkè wálẹ̀ ní nǹkan bí 9. Dátà yín ò tíì lè sọ pé ìpè nọ́ọ̀sì ò tó oògùn kan! Torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá mú yín kọ ọ́ pé "ìpè ò ṣiṣẹ́". Altman àti Bland ti kọ ọ́ sínú BMJ ní 1995 pé àìrí ẹ̀rí kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan ò sí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Ó yé mi báyìí, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n rẹ́fíúwà ló mú ọ̀bẹ tó tún mú iṣu o. Tó bá ní dandan ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Adéọlá
Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò, kí la lè fún un dípò ẹ̀? 40 yẹn lowó wa ká.

Oníṣirò_Leeds
Ẹ fún un ní ohun tó ń wá. Nínú G*Power yẹn náà, ẹ fi Post hoc sílẹ̀, ẹ yan Sensitivity. Ẹ yan Two níbi Tail(s), ẹ kọ 40, 40, alpha (ààlà p yẹn) 0.05, páwà 80%, ẹ má fi èsì yín kankan sí i. Ó máa sọ fún yín pé ìyàtọ̀ tí ìwádìí tó tóbi tó báyìí lè rí dáadáa bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi d = 0.63 (d ni ìyàtọ̀ tá a pín sí SD, SD sì ni bí BP àwọn èèyàn ṣe fọ́n ká tó). Ẹ wá lọ wo SD nínú ìwádìí àwọn ẹlòmíì tó jọ tiyín, ká ní 12 ni, 0.63 lọ́nà 12 á jẹ́ bíi 7.6 mmHg. Ìdáhùn rẹ́fíúwà nìyẹn: èèyàn kéré fún ìyàtọ̀ tí ò bá tó 7.6, irú ẹ̀ sì lè wúlò fún aláìsàn.

Ní ti ọ̀bẹ àti iṣu, editor, ìyẹn olóòtú jọ́nà, ló mú un, kì í ṣe rẹ́fíúwà, ẹ darí lẹ́tà sí i. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "A dúpẹ́ fún àbá yìí. A ò ṣírò páwà látinú èsì wa torí kò ní fi nǹkan kan kún ohun tí p-value ti sọ. A ti gbé CI síwájú nínú abstract àti nínú Discussion, a sì ti kọ ìyàtọ̀ tí ìwádìí tó tóbi tó báyìí lè rí síbẹ̀." Kẹ́ ẹ tọ́ka sí CONSORT, ó tán.

AyọR
Ó dáa kí rẹ́fíúwà tún rí i pé ẹ ti ń múra èyí tó ń bọ̀. Nínú R (sọ́fítíwià ìṣirò ọ̀fẹ́), ẹ ò nílò pákéèjì kankan, ẹ kọ power.t.test(delta = 5, sd = 12, power = 0.8), 92 lápá kan ló máa jáde. 5 yẹn, ẹ̀yin lẹ máa pinnu ẹ̀, ìyàtọ̀ tó máa ṣe aláìsàn láǹfààní ni kó jẹ́ o, kó má jẹ́ 4 tó jáde lọ́tẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá rò pé 15% ò ní dúró dópin, ẹ pín 92 sí 0.85, ó di 109. Àbí ilé ìwòsàn lẹ pín, kì í ṣe ẹnìkọ̀ọ̀kan? Torí tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn, gbogbo ìṣirò yìí ò bá a mu mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Adéọlá
Ẹnìkọ̀ọ̀kan la pín, ẹnfílóòpù la lò. Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ń kọ lẹ́tà náà lọ báyìí. Ìbéèrè kan ló kù: a wọn BP wọn kí á tó bẹ̀rẹ̀, ṣé ó lè ràn wá lọ́wọ́?

AyọR
Ó lè ràn yín lọ́wọ́ gan-an ni! Ẹ fi BP ìbẹ̀rẹ̀ sínú ANCOVA (ìṣirò tó ń fi apá méjèèjì wéra lẹ́yìn tó bá ti ro BP ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn), tó bá bá tìparí tan dáadáa, CI á sún mọ́ra. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí nínú ètò yín kẹ́ ẹ tó rí dátà, ẹ sọ ọ́ nínú pépà pé ẹ̀yìn ìgbà yẹn lẹ fi kún un. Fún èyí tó ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀: tí correlation (bí wọ́n ṣe tan mọ́ra tó) BP ìbẹ̀rẹ̀ àti tìparí bá jẹ́ 0.5, ìdá mẹ́rin kan máa kúrò nínú iye èèyàn tẹ́ ẹ nílò, 92 á di 69 lápá kan, kẹ́ ẹ tó wá fi ti àwọn tí ò ní dúró dópin kún un.